Báwo ni mo ṣe máa mọ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi ń dán an wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, hatchback kékeré irú ti Yúróòpù, ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, ni mo fẹ́ rà. Lẹ́yìn ti ọdún 2021, Volkswagen ò ta Golf lásán ní Amẹ́ríkà mọ́, àfi GTI àti R, ìyẹn àwọn Golf tí ẹ́ńjìnì wọn lágbára jù. Torí náà, GTI 2022 àlòkù àti Mazda3 ló kù fún mi.

Ìyá mi ló máa ń jókòó lẹ́yìn, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n gan-an. Táyà GTI tí mo rí, 225/40R18 ni wọ́n kọ sí i. Ìyẹn ni pé rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ti Mazda3, irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀.

Mo ti wa méjèèjì, àmọ́ títì dídán nìkan ni ẹni tó ń tà á jẹ́ kí n gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ ká gba ibi tí ojú irin rélùwéè ti gba títì kọjá, ó kọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn níbi tí ọkọ̀ dúró sí, ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé àgbàlagbà nínú èyíkéyìí nínú wọn, èwo ni gálọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í dé ẹ̀yìn èrò? Kí ni mo sì lè dán wò lórí títì dídán tó máa fi hàn mí?