Nọ́ńbà rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì wa ti dàrú, jọ́nà sì ti dá iṣẹ́ padà, ẹ gbà mí o

Aṣèwádìí:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ mẹ́ta. A kọ iṣẹ́ ìwádìí kan lórí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì, ìyẹn àwọn ìwé tá a tọ́ka sí, mo sì fọwọ́ tẹ gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 46 ni wọ́n. Ó ku díẹ̀ ká parí ni ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ kọ ọ́ ki odidi pàrágíráàfù tuntun bọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì mẹ́rin ló bá a wọlé, bí gbogbo nọ́ńbà ṣe yẹ̀ nìyẹn. Èyí tó jẹ́ 9 tẹ́lẹ̀ di 13, mo ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fo àwọn kan, àwọn kan sì wà tí mo yí lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ránṣẹ́. Àná ni ẹ́dítọ̀ dá a padà, wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni kà rárá, wọ́n ní ká lọ tò ó ní Vancouver ká tó mú un wá. Ó dùn mí gan-an torí ọdún méjì la fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣé kí n tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni? Kí sì ni Vancouver yìí gan-an, torí jọ́nà kan á ní bó ṣe rí rèé, òmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Alákọsílẹ̀:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò, má tún un fọwọ́ tẹ̀ o. Vancouver ni orúkọ ìlú táwọn ẹ́dítọ̀ jọ́nà ìṣègùn kan ti ṣèpàdé ní Kánádà lọ́dún 1978, wọ́n fẹ́ kí ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí jọ́nà wọn máa rí bákan náà, àwọn náà ló wá di ICMJE, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ẹ́dítọ̀ jọ́nà ìṣègùn káàkiri ayé. Ọkàn ẹ̀ ò ju pé kó o fún rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì ní nọ́ńbà bó ṣe kọ́kọ́ jáde nínú ọ̀rọ̀, tó o bá sì tún padà lò ó lójú ewé kẹwàá, nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn náà ló máa jẹ́. Ìdí nìyẹn tí pàrágíráàfù kan ṣoṣo fi lè da gbogbo ẹ̀ rú.

Wo ìdí ọ̀kan báyìí: N Engl J Med. 2002;347(4):284-7. Orúkọ jọ́nà New England Journal of Medicine la gé kúrú yẹn, kì í ṣe bó ṣe wù ẹ́ lo máa gé e o, bó ṣe wà nínú àkójọ NLM, ilé ìkówèésí ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà, ni, Lancet ní tiẹ̀ ò ṣe é gé torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọdún ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà fọ́líọ̀mù, ìyẹn 347, ìṣù, ìyẹn 4, wà nínú àkámọ́, ojú ewé ló kẹ́yìn, 284-7 yẹn túmọ̀ sí 284 dé 287. Àkọlé iṣẹ́ náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ àti orúkọ ẹni tàbí ti ibì kan nìkan ló máa ń tóbi.

Ibi tí wọn ò ti fẹnu kò ni orúkọ àwọn tó kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ jọ́nà á ní kó o kọ mẹ́fà kó o wá fi et al. ("àtàwọn yòókù") sí i, èyí tó bá ń lo AMA, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá ti ju mẹ́fà lọ mẹ́ta lo máa kọ. Jọ́nà kan fẹ́ kí nọ́ńbà gbé sókè, òmíràn fẹ́ ẹ nínú àkámọ́. Torí náà ka ìlànà jọ́nà yẹn fúnra ẹ, kó o sì ṣí iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún yìí kó o máa wò ó bó o ṣe ń tò ó, ojú ewé ìlànà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ọmọ_Láàbù:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nìyẹn, àmọ́ ẹ gba Zotero, sọ́ọ̀fúwià tó ń to rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi PMID tàbí DOI kó àwọn iṣẹ́ yẹn sínú ẹ̀, PMID ni nọ́ńbà tí PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, DOI ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ á wọlé fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sínú Word, ẹ pa nọ́ńbà tẹ́ ẹ tẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ fi ti Zotero dípò ẹ̀. Ó lè gbà yín ní odidi ọjọ́ kan, àmọ́ látìgbà yẹn lọ ẹni tó bá fẹ́ kó ki pàrágíráàfù mẹ́wàá bọ̀ ọ́, nọ́ńbà á tún ara ẹ̀ tò.

Ẹ ṣáà má gbà á gbọ́ tán. Ẹ wo inú lísìtì yín bóyá ẹ máa rí "Organization WH". Mo ti rí i nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde pàápàá! World Health Organization ni, sọ́ọ̀fúwià yẹn rò pé Organization ni orúkọ bàbá ẹni náà, ó wá gé World àti Health kúrú. Tẹ́ ẹ bá yí àyè orúkọ yẹn sí àyè kan ṣoṣo dípò méjì, ó tán. Orúkọ kòkòrò bíi Plasmodium falciparum náà, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín sọ ọ́ di lẹ́tà ìtálíìkì, èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Aṣèwádìí:
Háà, ẹ ṣé gan-an! "Organization WH" wà níbẹ̀ lóòótọ́, nọ́ńbà 17 😭 mo ti kó 31 wọlé báyìí. Rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì tó jẹ́ pé inú tábìlì nìkan ló wà ńkọ́? Ṣé ìparí ni kí n fi wọ́n sí?

Òǹkàwé_Àgbà:
Rárá o, kì í ṣe ìparí. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ dárúkọ tábìlì yẹn nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti máa gba nọ́ńbà. Tí rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó dárúkọ Tábìlì 1 bá jẹ́ 20, èyí tó wà nínú tábìlì á bẹ̀rẹ̀ láti 21. Zotero ò ní mọ èyí tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìwé lẹ kó àwọn tábìlì sí, ẹ fojú sí i.

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bẹ̀ yín ohun kan, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti ń kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ kà á. Nígbà kan mo mú rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì látinú lísìtì ẹlòmíì láìṣí i, mo kọ ọ́ pé oògùn kan ń dín ìfúnpá kù lára àwọn àgbàlagbà, ìgbà tí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò béèrè ni mo tó lọ kà á, kò sí àgbàlagbà kankan nínú ìwádìí yẹn, ẹni tó ju 60 lọ wọn ò gbà á wọlé rárá. Nọ́ńbà pé, kómà pé, irọ́ ni gbólóhùn yẹn. Àyà mi já, torí dókítà kan lè tìtorí ẹ̀ kọ oògùn fún ìyá àgbà.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti fagi lé èyíkéyìí nínú wọn, PubMed máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sókè. Iṣẹ́ Wakefield, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, lórí MMR, abẹ́rẹ́ àjẹsára measles, mumps àti rubella, jáde nínú Lancet lọ́dún 1998, 2010 ni wọ́n tó fagi lé e, ọdún 12 làwọn èèyàn fi ń tọ́ka sí i bí iṣẹ́ tó dúró. Bó bá sì jẹ́ AI ló bá yín wá èyíkéyìí, ẹ wá a ní PubMed kó tó wọ lísìtì, ó máa ń hun àkọlé àti orúkọ tí ò sí níbì kankan pọ̀, á sì rí bí òótọ́.

Ọmọ_Láàbù:
Òótọ́ ni sà. Aṣèwádìí, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn kan, inú ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ ti tẹ Unlink Citations kó lè di ọ̀rọ̀ lásán, torí ibi táwọn jọ́nà kan ń kó ìwé sí máa ń bà á jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó o, àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ṣì máa ní kẹ́ ẹ fi rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì kún un.