Omi odò kékeré ń dínkù kó tó wọ adágún: báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tó ń gbà lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa odò. Níbi tí ìsàlẹ̀ odò yìí ti jẹ́ àpáta, lítà 40 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ku díẹ̀ kó dé adágún, ó ti di 26. Kò sí ẹ̀ka tó yà, ẹnikẹ́ni ò sì fa omi.

Ègé igi ni mo fi ń wọn ìyára omi lórí mítà 10. Mo fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, torí omi ìsàlẹ̀ kì í yára tó ti ojú odò, kí n tó fi fífẹ̀ àti jíjìn odò ṣírò ìyókù.

Bóyá omi ń rì sínú yanrìn tí odò kó jọ sẹ́nu adágún. Bóyá adágún ló sì ń dá omi dúró tí ìwọ̀n mi ò fi péye: omi jìn níbẹ̀, ègé igi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò lójú kan, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí á sì darí rẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo da omi iyọ̀ sínú odò kí n lè fi bí iyọ̀ ṣe pò mọ́ omi wọn iye omi tó ń kọjá, ṣùgbọ́n iyọ̀ rì sísàlẹ̀, kò pò mọ́ omi.

Ó kù kí n ri páìpù tó ní ihò nísàlẹ̀ mọ́ yanrìn, kí n wò ó bóyá omi inú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti odò lọ. Báwo ni kí páìpù náà ṣe jìn tó, àti pé nínú yanrìn tó rí wóró-wóró, ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà mélòó ni mo lè gbà pé omi ń rì lóòótọ́?