Lórí “àìbáramu” àti àwọn ètò tí Windows àtijọ́ kò gbà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a máa lo “àìbáramu” fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “incompatibility”, nígbàkúùgbà tí ètò kọ̀ǹpútà (software) tuntun bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows àtijọ́, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ ti Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan dáhùn pé “ìkọ̀sílẹ̀” ló yẹ, ẹlòmíràn sì ní kí a máa pe Windows tí Microsoft kò tọ́jú mọ́ ní “Windows tó ti fẹ̀yìn tì”. Mo fara balẹ̀ ka gbogbo rẹ̀, n kò sì lè fara mọ́ ọn pé kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dúró fún ìṣòro tí orísun rẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Orúkọ tí a bá pe àìsàn ni a fi ń wá oògùn rẹ̀, bí a bá sì pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ni yóò fi owó àti àkókò rẹ̀ san án.

“Ìkọ̀sílẹ̀” kò gbọdọ̀ dá wa dúró pẹ́. Bí Yorùbá bá gbọ́ ọ, tọkọtaya tó fẹ́ túká ní kóòtù ló máa wá sí i lọ́kàn.

Ti “àìbáramu” ló gba àròjinlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì ní ibi tó ti bá iṣẹ́ mu dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a mú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ń lo Windows 7 oníbíìtì 32 (iye bíìtì ló ń sọ bí ohun tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe pọ̀ tó). Bí ẹni tó rà á bá gbìyànjú láti fi ètò oníbíìtì 64 sórí rẹ̀, Windows yóò sọ fún un pé ẹ̀dà fáìlì náà kò bá ẹ̀dà Windows tó ń lò mu. Àìbáramu nìyẹn ní tòótọ́. Kò sí ohun tí a lè fi kún un tí yóò ṣiṣẹ́, àfi kí a wá ẹ̀dà oníbíìtì 32 ti ètò náà, tàbí kí a fi Windows oníbíìtì 64 rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà bá lè gbé e. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí pàápàá ń fẹ́ ìtumọ̀ lẹ́yìn. Lórí Windows XP, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan náà, tó ní fáìlì náà kì í ṣe “valid Win32 application” (ètò Windows tó tọ́), lè jáde nítorí pé ètò náà jẹ́ oníbíìtì 64, ó sì tún lè jáde nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ti là á sílẹ̀ pé Windows Vista tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a ní “àìbáramu bíìtì” àti “àìbáramu ẹ̀dà” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó wọ́pọ̀. Ètò náà wọlé, kò sí wàhálà, àmọ́ nígbà tí ẹni náà fẹ́ ṣí i, Windows ní òun kò rí MSVCR100.dll, tàbí api-ms-win-crt-runtime-l1-1-0.dll. Kò sí àìbáramu kankan níbí. Àwọn fáìlì DLL jẹ́ fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, kí oníkálukú má baà máa tún iṣẹ́ kan náà kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a lábàá pé kí a pè wọ́n ní “fáìlì àjọlò”, kí a sì pe ìṣòro yìí ní “àìsí fáìlì àjọlò”. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ̀ pé nǹkan kan ló kù tí a ó fi kún un. Ti àkọ́kọ́ wà nínú àkójọ fáìlì àjọlò tí wọ́n ń pè ní Visual C++ 2010, tí Microsoft ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Ti èkejì wà nínú àkójọ Visual C++ 2015, ó sì tún wà nínú ìmúdójúìwọ̀n KB2999226 (KB ni Microsoft fi ń ṣáájú nọ́ńbà àwọn ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀), fún Windows 7 tó bá ti ní Service Pack 1, ìyẹn àkópọ̀ àtúnṣe rẹ̀ àkọ́kọ́. Ètò oníbíìtì 32 ń fẹ́ àjọlò oníbíìtì 32, kódà bí Windows fúnra rẹ̀ bá jẹ́ oníbíìtì 64; ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. “Àjọlò” tún ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba fáìlì kan ṣoṣo lórí ojúlé tí kò mọ̀ kí ó sì jù ú sínú Windows, nítorí bí ohun tí ọ̀pọ̀ jọ ń lò bá jẹ́ ayédèrú, gbogbo wọn ló wà nínú ewu.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa béèrè ohun tí a ó pe ìgbà tí fáìlì náà wà níbẹ̀ tí ètò kò sì ṣiṣẹ́. Ìbéèrè yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ètò tuntun lè sọ lórí Windows 7 pé òun kò rí GetSystemTimePreciseAsFileTime nínú KERNEL32.dll. Windows 7 kò lè dìde rárá láìsí KERNEL32.dll, nítorí náà fáìlì náà wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ètò náà bẹ̀ ẹ́, èyíinì ni kí ó sọ aago lọ́nà tó péye gidigidi, orí Windows 8 ni Microsoft ti kọ́kọ́ fi í kún un. Bí a bá pe èyí ní àìsí fáìlì, ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ yóò máa wá KERNEL32.dll kiri, bí ó bá sì fi ti Windows mìíràn rọ́pò tirẹ̀, kọ̀ǹpútà náà lè má tan mọ́. “Àìmọṣẹ́” ni mo mú wá fún un. Ó lè dà bí èébú létí àwọn kan, ṣùgbọ́n òun ló sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà: fáìlì wà, kò mọ iṣẹ́ yẹn ni. Oògùn rẹ̀ ni kí a wá ẹ̀dà ètò náà tó ti pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fi Windows 7 wo íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ dúró lórí ètò ìwo-ojúlé Chrome 109 ti oṣù kìíní ọdún 2023, tàbí kí ó lo Firefox 115 ESR, ẹ̀dà Firefox tí a ń tọ́jú pẹ́.

Ti ìbuwọ́lù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ẹni tí fáìlì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, tún yàtọ̀. Láti àárín ọdún 2019, irú ìbuwọ́lù tí wọ́n ń pè ní SHA-2 nìkan ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí fi sí àwọn ìmúdójúìwọ̀n Windows 7, Windows 7 tí kò bá sì ní KB4474419 àti KB4490628 kò ní gbà wọ́n, nítorí kò dá ìbuwọ́lù náà mọ̀. “Àìdá ìbuwọ́lù mọ̀” tó fún èyí. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé aago. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà bá ti kú, ọjọ́ àti aago rẹ̀ á padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí (certificate) àwọn ojúlé á wá dà bí ohun tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, ètò tó sì ń gba ìyókù ara rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní lè parí. Ẹni tí a bá sọ “àìbáramu” fún lè lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì CR2032 kan ló nílò.

Ní ti “ìfẹ̀yìntì”, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Windows XP kò ṣíwọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Windows 7 náà kò ṣíwọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Microsoft ló dáwọ́ ìtọ́jú wọn dúró. “Ìparí ìtọ́jú” ni kí a wí, kí ẹni tó ń lò ó lè mọ̀ pé ẹ̀rọ òun ṣì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n pé kò sí ẹni tó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé mọ́.

“Fi sórí ẹ̀rọ” ni kí a dì mú fún ìṣe náà fúnra rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “install”. Ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní ti “àìmọṣẹ́”, bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá, n ó sì gbà á tayọ̀tayọ̀, bí kò bá ṣáà ti dà á pọ̀ mọ́ àìsí fáìlì.