Àbọ̀ ìbéèrè mi: Màámi ti dé New York

Ẹ kú ìdúró o. Ẹ rántí pé mo bi yín níjọ́sí bí Èkó ṣe jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú JFK tó, àti wákàtí tí Màámi máa lò lókè. Wọ́n ti gúnlẹ̀ láyọ̀.

Bíi 8,440 kìlómítà ni. Bàálù tí kò yà síbì kankan ń lò tó wákàtí 11 tàbí kó lé díẹ̀ ní àlọ; àbọ̀ sún mọ́ 10. Atẹ́gùn ló fà á. Lókè lọ́hùn-ún, lórí Òkun Àtìláńtíìkì, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ bọ̀: ó ń dojú kọ ẹni tó ń lọ, ó sì ń ti ẹni tó ń bọ̀ wálé lẹ́yìn.

Aago ló dà wá láàmú jù. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí 6 ṣáájú New York. Nígbà ooru, 5. Ẹni tó gbéra ní Èkó láago 11 alẹ́ lè balẹ̀ láago 4 ìdájí. Màámi wo aago ara ògiri, wọ́n ní, "Wákàtí márùn-ún péré? Kí ló wá dé tí ẹsẹ̀ mi wú báyìí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà yín máa dìde rìn díẹ̀ nínú bàálù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká gba London, ẹ ṣé. Èkó sí London ti tó 5,000 kìlómítà, London sí New York lé ní 5,500. Owó ẹ̀ lè dín lóòótọ́, àmọ́ orúnkún Màámi ò gbà.