Jíà ọ́tòmátíìkì tó ń pẹ́ kó tó wọlé: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó pààrọ̀ gearbox

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ mi ti lo ọdún 18, jíà ọ́tòmátíìkì ló sì ní. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bí mo bá fà á sí D láàárọ̀, ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gbéra, á sì wá fò síwájú bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Bó bá gbóná tán, á há sí jíà kan ṣoṣo, kò sì ní lè sáré mọ́. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kò tíì lo ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí rẹ̀ tó fi ní kí n pààrọ̀ gbogbo gearbox. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Èsì

Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì sanwó gearbox kankan. Àwọn àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí lè jẹ́ ti gearbox tó ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n tún lè jẹ́ ti ọ́ìlì tó ti lọ sílẹ̀, ti asẹ́ ọ́ìlì tó ti dí, tàbí ti ẹnu wáyà kan péré tó ti dípẹtà, kò sì sí ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn láìtíì wo ọ́ìlì, láìtíì ka kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ohun tó ń ṣe é.

Nínú gearbox ọ́tòmátíìkì, iṣẹ́ ọ́ìlì kọjá pé kí irin máa yọ̀ lára irin. Òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe lórí kílọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀ onímáńúwà. Pọ́ǹpù kan ń fi agbára ti ọ́ìlì náà, solenoid, ìyẹn fáàfù kékeré oníná tí kọ̀ǹpútà ń darí, á ṣí ọ̀nà fún un, ọ́ìlì á wá fún àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ mọ́ ara wọn, jíà á sì wọlé. Bí ọ́ìlì bá dín, tí asẹ́ rẹ̀ bá dí, tàbí tí àwọn rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gan, agbára yẹn kò ní tètè tó, pàápàá láàárọ̀ tí ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ tí òtútù sì ti mú kí rọ́bà le. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yín fi ń dúró díẹ̀ kó tó fò.

Nítorí náà, ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ọkọ̀ yín bá ní géèjì jíà, ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ fa jíà kọjá gbogbo ipò rẹ̀ ní sùúrù, kí ẹ sì dá a padà sí P. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ẹ bá ń fa géèjì yọ, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ná, ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ èyí tí tiyín jẹ́. Ọkọ̀ tí kò bá ní géèjì ní ìdérí kan lábẹ́, tí wọ́n ń ṣí nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé ìwọ̀n kan pàtó. Ẹ má bu ọ́ìlì kún ju bó ti yẹ lọ, nítorí yóò máa hó, ìhó kò sì lè ti nǹkan kan.

Ẹ kán ọ́ìlì yẹn sórí bébà funfun. Bó bá pupa tó sì mọ́lẹ̀ kedere, ara rẹ̀ ṣì yá. Bó bá ti di dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, àwo kílọ́ọ̀ṣì ti ń jó nínú. Bó bá wá dà bí ìgbà tí wọ́n da mílíìkì sínú rẹ̀, omi radiator ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ náà mọ́ rárá, nítorí omi máa ń jẹ ohun tó lẹ̀ mọ́ ojú àwo kílọ́ọ̀ṣì kúrò.

Ní ti híhá tó ń há sí jíà kan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló sábà máa ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, kí gearbox má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn fi hàn pé ó ti ní kóòdù tó fi pamọ́. Irú èyí gan-an ṣe ọkọ̀ tèmi tí wọ́n ṣe ní 2003. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé e fún náà sọ pé gearbox ti lọ. Mo yá scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ó sì gbé P0700 àti P0753 jáde. P0700 kò sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ó kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà gearbox ní ẹjọ́ lẹ́nu ni. P0753 ló sọ pé iná tó ń lọ sí solenoid A kò pé. Mo tọ wáyà náà lọ sábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí, mo tú ẹnu rẹ̀, mo sì rí i pé ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, rọ́bà tó yẹ kó máa dá omi dúró sì ti ya. Mo fi mítà wọn solenoid láti ẹnu wáyà yẹn, ó gbé ohm 13 jáde, ìwé ọkọ̀ sì ní kó wà láàárín 11 sí 15, nítorí náà ara solenoid yá. Mo fi oògùn ìfọ-wáyà àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ̀ ọ́, mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo pa kóòdù náà rẹ́, kò sì tíì padà wá títí di òní.

Bó bá jẹ́ P0731 títí dé P0735 lẹ rí, ọ̀rọ̀ yẹn le díẹ̀, nítorí wọ́n ń sọ pé jíà kìíní títí dé ìkarùn-ún kò mú bó ti yẹ, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà kò sì yí tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń bá àwo kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán.

Ẹ tún yẹ síìtì ẹ́ńjìnnì wò, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, nítorí bó bá já, fífò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti jíà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi, kó sì máa fa jíà láti D sí R. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí, ẹ má ṣe dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbéra sókè gan-an, síìtì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti wò ó. Ọ́ìlì náà ti pọ́n bíi tíì, ó sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rùn. Ẹnì kan wá ń sọ fún mi pé bí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì tó ti pẹ́, gearbox máa kú pátápátá. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì

Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ rí i pé gearbox kú lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n àwo kílọ́ọ̀ṣì irú gearbox bẹ́ẹ̀ ti jẹ tán kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Tiyín kò rùn, ẹ kò sì sọ pé ẹ́ńjìnnì ń ké lásán, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tì í jáde tipátipá. Ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀, ẹ wọn iye tó jáde, kí ẹ dá iye kan náà padà pẹ̀lú èyí tó ti dín níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Torque converter, ìyẹn abala tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gearbox, máa ń di ọ́ìlì púpọ̀ mú, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò jáde, ẹ óò sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ gan-an ni kí ẹ rà, nítorí gbogbo ọ́ìlì pupa kọ́ ló jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá sọ abọ́ ìsàlẹ̀ kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ asẹ́, kí ẹ sì wo mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú abọ́ náà. Ẹrẹ̀ eléérú tó kúnná kò léwu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èérún irin tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ẹ ya àwòrán rẹ̀ fún wa kí ẹ tó bu ọ́ìlì tuntun sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka kóòdù kí ẹnikẹ́ni tó tú bátìrì, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, títú bátìrì máa ń pa á rẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde síbí.