Nanogel tó ń dì nínú ìgò: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí pé láti Àgọ́-Ìwòyè níbí ni mo ti béèrè ìdí tí nanogel (èérún jẹ́lì tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ) tí mò ń fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní NIPAM ṣe nínú omi fi ń dì bí ìkọ́kọrẹ́ tó ti sùn mọ́jú. Mo ti rí ìdí rẹ̀.

Ibi ooru ni mo ti ṣìnà. Pólímà NIPAM, ìyẹn okùn gígùn tí NIPAM máa ń dà bó bá so kọ́ra, máa ń yọ́ nínú omi tútù, àmọ́ bí omi bá gbóná kọjá nǹkan bíi 32°C, á ká jọ, á sá fún omi. Ìgbà tó bá ká jọ ló yẹ kí crosslinker (kẹ́míkà tó ń so okùn kan mọ́ èkejì) dì í mú, kí èérún kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Èmi da persulfate (kẹ́míkà tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsokọ́ra náà) àti TEMED (èyí tó ń mú kó yá, kódà láìsí ooru) pọ̀ sínú omi tútù! Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ooru tó dé, okùn gbogbo sì so kọ́ra jákèjádò ìgò.

Mo yọ TEMED kúrò. Mo fẹ́ nitrogen sí i fún 30 ìṣẹ́jú, torí ọ́síjìn máa ń pa radical, ìyẹn ẹnu okùn tó ń ṣiṣẹ́ láti so mọ́ NIPAM mìíràn. Omi dé 70°C kí n tó fi persulfate sí i. Pólímà tó fẹ́ràn omi, tí RAFT agent (kẹ́míkà tó ń ṣàkóso bí okùn ṣe ń gùn) wà lẹ́nu rẹ̀, ló di aṣọ tó bo àwọn èérún náà, tí wọn ò fi lẹ̀ mọ́ra.

Nínú ooru, ó funfun bí omi ògì. Ó tutù, ó mọ́, kò dì. Mo tún gbé e sínú omi gbígbóná, ó tún funfun! Mo pe màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n yẹ ìgbóná omi wò, ẹ ṣeun gan-an ni.