Polarization ìmọ́lẹ̀: ẹ má jẹ́ ká pè é ní ìsọdolórí-méjì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹnì kan nínú wa ń kọ àròkọ ní Yorùbá lórí bí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń fi polarization wo ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara blazar wá, ìyẹn àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń tú nǹkan jáde sí ọ̀gangan ọ̀dọ̀ wa. Ó bèèrè ohun tí a ó máa pe polarization yìí, ìdáhùn méjì ló sì ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ìsọdolórí-méjì, nítorí pé òòfà ní orí méjì. Àbúrò wa kan ní ìpínníyà, pé bí òṣèlú bá pín ìlú sí méjì, polarization náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, kí a kúkú fi ọ̀rọ̀ kan ṣe méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ní 1808, Étienne-Louis Malus, ará Faransé, gba inú òkúta kan tó mọ́ gaara wo oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń kọ mànà lára fèrèsé ààfin Luxembourg ní Paris. Òkúta yẹn máa ń sọ ohun kan di méjì lójú ẹni. Bí Malus ṣe ń yí i, ọ̀kan ń mọ́lẹ̀ sí i, èkejì ń ṣú. Ó gbà pé hóró-hóró ni ìmọ́lẹ̀, pé hóró kọ̀ọ̀kan ní orí méjì bíi ti òòfà, ibẹ̀ ló ti yọ orúkọ náà, polarization, tó fún un ní 1811. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí Fresnel, ará Faransé bíi tirẹ̀, fi yé wọn pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, àti pé ṣe ló ń mì ní ìbú sí ọ̀nà tó ń gbà lọ. Kò sí orí kankan níbẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ méjì. Orúkọ náà ti mọ́ wọn lẹ́nu ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Kí ló dé tí àwa yóò fi tú àṣìṣe Malus sí Yorùbá?

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ kò le. Ẹ so okùn mọ́ igi, ẹ di ìdí kejì mú, ẹ máa jù ú sókè sódò. Ìgbì á lọ bá igi. Ẹ wá jù ú sọ́tùn-ún sósì, ìgbì ṣì ń lọ bá igi náà, ìhà tí okùn ń mì sí nìkan ló yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti gílóòbù ń mì sí gbogbo ìhà pọ̀ mọ́ra. Bí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bá wá ń mì sí ìhà kan, ohun tí à ń wá orúkọ fún nìyẹn.

Ìtò-ìmì ni mo mú wá, láti ara tò, bí a ti í sọ pé nǹkan tò lẹ́sẹẹsẹ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àmì o. Ẹni tó bá fi àmì sábẹ́ o yẹn ti bọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.)

N kì í dá ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́jọ́ nínú àtòjọ ọ̀rọ̀, inú gbólóhùn ni mo ti ń dán an wò. Ní oṣù Kejìlá 2021, Amẹ́ríkà àti Ítálì gbé sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ IXPE lọ sí òfuurufú láti máa wọn ìtò-ìmì X-ray. Ní oṣù Kẹta 2022, ó kọjú sí Mrk 501, blazar kan tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn fún nǹkan bí 450 mílíọ̀nù ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún: “Ìtò-ìmì X-ray rẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ìhà tí ìtújáde náà dojú kọ ni ìmì náà sì tò sí.” Ẹ wá fi ìpínníyà rọ́pò rẹ̀. Ìpínníyà ìdá 10? Ta ló pínyà pẹ̀lú ta?

Gbólóhùn yẹn ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ró. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, hóró tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, tó ń yí po nínú agbára òòfà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, bí agbára òòfà náà bá ṣe wà létòlétò tó ni ìmì ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe tò tó. Nínú ìtújáde náà, níbi tí ohun tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ti kọlu èyí tó ń fà níwájú, agbára òòfà á tò, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba okun, wọ́n á sì tan X-ray. Bí wọ́n ti ń jìnnà síbẹ̀, okun wọn ń dín kù, wọ́n ń bọ́ sáàárín agbára òòfà tó rí wúruwùru, ìmọ́lẹ̀ lásán ló sì kù tí wọ́n lè tàn. Ìdí nìyẹn tí X-ray fi tò ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

BL Lacertae, blazar mìíràn, yàtọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìtò-ìmì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gòkè dé ìdá 47.5, ti X-ray kò sì tó ìdá 7.6. Bó bá jẹ́ pé prótọ́ọ̀nù, hóró mìíràn inú átọ́ọ̀mù, ló ń tan X-ray yẹn, ìtò-ìmì rẹ̀ ì bá ga bíi ti ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbá ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára tó fi ń di X-ray. Ní ti Mrk 421, tí òun náà jẹ́ blazar, ìhà tí ìmì rẹ̀ tò sí ń yí ni ní oṣù Kẹfà 2022, kò dúró lójú kan. Ìtò-ìmì gba “ga”, ó gba “yí”, ó gba ìdá. Orí méjì kò lè ṣe ìyẹn.

Ó ku blazar fúnra rẹ̀, tí ẹnì kan pè ní ìràwọ̀ ajófòfò. Rárá o. Àárín gbùngbùn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni, níbi tí ihò dúdú (black hole) bàǹtà-banta kan ti ń tú nǹkan jáde tóóró sí ọ̀gangan ọ̀dọ̀ wa. Àwọn òyìnbó náà ti pe BL Lacertae ní ìràwọ̀ rí, láti 1929 tí Cuno Hoffmeister ti rí i títí di 1968. Edward Spiegel ló pa orúkọ BL Lac pọ̀ mọ́ quasar, àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó ń tàn yòò, ní 1978, tó di blazar, ẹ̀fẹ̀ sì wà níbẹ̀, torí blaze ni kí iná máa jó fòfò. Ẹ jẹ́ ká yá a lò bó ṣe wà.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìtò-ìmì lọ, kó fi í sínú gbólóhùn Mrk 501 òkè yìí, kó fi ránṣẹ́ sí wa.